“Ta Ló Sọ fún Ẹ?”: Ohùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Blade Runner

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí ìbéèrè kúkurú kan tí màmá mi bi mí kò jẹ́ kí n gbádùn. Mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e bọ̀. Bí mo bá wọ mọ́tò ní Kútọ̀, níbí ní Abẹ́òkúta, òun ni mo máa ń rò títí màá fi sọ̀ kalẹ̀ ní Lafẹ́nwá. “Ta ló sọ fún ẹ?” Ìbéèrè náà nìyẹn. Màmá ò fi bú mi, wọn ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni.

Fíìmù là ń wò lálẹ́ ọjọ́ náà nílé wa ní Ìtòkú, èmi pẹ̀lú wọn nìkan. Blade Runner ni, tí Ridley Scott darí, èyí tó jáde ní 1992 tí wọ́n pè ní ẹ̀dà olùdarí (director’s cut). A ti dé orí òrùlé, níbi tí òjò ti ń rọ̀. Roy Batty, ènìyàn àtọwọ́dá tí wọ́n fún ní ọdún mẹ́rin péré láti lò láyé, ti lé Deckard, ọlọ́pàá tí wọ́n rán láti pa á, títí Deckard fi ń rọ̀ dirodiro létí ilé gíga. Ọwọ́ ọlọ́pàá náà yọ̀. Batty sáré gbá a mú lọ́rùn ọwọ́, ó fà á sókè, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí òrùlé bí ẹni gbé ọmọ kalẹ̀.

Màmá fọwọ́ kàn mí. “Àjàní, kí ló dé tó fi gbà á là? Ṣebí ọ̀tá ẹ̀ ni?”

Èsì ti wà lẹ́nu mi. Ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Mo ní, “Màámi, ìgbà tí ikú dé tán ló wá fẹ́ràn ẹ̀mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀mí tiẹ̀ nìkan, ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ni.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

Mo fẹ́ sọ pé ó wà nínú fíìmù. Kí n tó lanu ni mo rí i pé kò sí nínú èyí tí à ń wò.

Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wo Blade Runner, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí a yá ni. Ẹ̀dà 1982 ni, èyí tí wọ́n gbé lọ sí sinimá. Nínú ẹ̀dà yẹn, Harrison Ford tó ṣe Deckard máa ń bá wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn àwòrán. Á sọ irú ẹni tí ọ̀gá òun jẹ́, á sọ orúkọ tí ìyàwó tó ti kọ òun sílẹ̀ máa ń pe òun, á ṣàlàyé èdè àmúlùmálà tí wọ́n ń sọ ní ìgboro Los Angeles inú fíìmù náà.

Mo nílò ohùn yẹn. Gẹ̀ẹ́sì mi kò tíì dán nígbà náà, ìlú inú fíìmù náà ṣókùnkùn, òjò kì í dá níbẹ̀, n ò sì mọ ta ni ta ni. Ohùn Deckard ló fà mí lọ́wọ́ wọlé. Nítorí náà, inú mi kì í dùn tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù bá ń bú ẹ̀dà 1982 bí ẹni pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wúlò fún mi. Bí kò bá sí i, ǹ bá ti pa ẹ̀rọ náà kí ó tó dé ìdajì.

Ohùn mìíràn tún wà nílé wa lákòókò yẹn. Bàbá mi ni. Awakọ̀ tírélà ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti Òkè Ọya dé, tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n sì ti sùn tẹ́rùn, wọ́n á ní kí n ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ lójú títì ni wọ́n fi ń túmọ̀ fíìmù fún màmá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Wo ojú ẹ̀, ó ti fẹ́ purọ́.” “Ẹni yẹn ò ní pẹ́ kú.” Nígbà mìíràn ìtumọ̀ wọn kò jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Màmá, tí wọ́n jẹ́ aládìrẹ, á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fi ìko di aṣọ, wọ́n á sì máa gbọ́. N ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí Bàbá dákẹ́.

Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, ó di ọdún kẹsàn-án báyìí, èmi ni mo gba iṣẹ́ náà. Lálẹ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, mo ti ń túmọ̀ fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ ohùn Deckard kúrò nínú ẹ̀dà 1992, èmi sì jókòó sí Ìtòkú, mò ń dá a padà, ní Yorùbá.

Bí wọ́n ṣe fi ohùn sí i, tí wọ́n tún yọ ọ́

Kí Blade Runner tó jáde ní oṣù kẹfà 1982, wọ́n kọ́kọ́ fi han àwọn èrò ní Denver àti Dallas láti mọ bí yóò ti rí lára wọn. Kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìparí rẹ̀ kò sì dùn mọ́ wọn. Owó tí fíìmù náà jẹ ti kọjá èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, àwọn tó dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró owó sì ti gba àṣẹ lórí rẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí Ford lọ ka àlàyé sínú ẹ̀rọ. Ford ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òun kò fẹ́ ẹ. Wọ́n tún lẹ ìparí aláyọ̀ mọ́ ọn: Deckard àti Rachael, àtọwọ́dá tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, nínú mọ́tò, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, òkè àti igbó tútù yí wọn ká, ohùn náà sì ń fi dá wa lójú pé wọn kò dá ọjọ́ ikú fún Rachael bíi ti àwọn àtọwọ́dá yòókù. Àwòrán òkè wọ̀nyẹn kì í tiẹ̀ ṣe ti fíìmù náà. Inú èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí Stanley Kubrick ya The Shining ni wọ́n ti tọrọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tibi kí n sọ tọ̀hún. Ohùn tó ń ṣàlàyé kò ṣàdédé já lu fíìmù náà láti òde. Ó ti wà nínú àwọn ìwé eré tí Hampton Fancher kọ́kọ́ kọ. Ẹni tó bá sọ pé àwọn olówó ló ba iṣẹ́ olóye jẹ́, tó sì fi mọ síbẹ̀, kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ní 1990, ilé sinimá kan ní Los Angeles gbé fíìmù náà jáde, ẹnu sì ya àwọn tó wá wò ó: ẹ̀dà iṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń dán èrò wò kí wọ́n tó parí fíìmù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlàyé Deckard kò sí níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi han ní sinimá méjì, ní Los Angeles àti San Francisco, èrò sì ya bo wọ́n. Ìyẹn ló bí ẹ̀dà olùdarí 1992: ohùn lọ, ìparí aláyọ̀ lọ, àlá kúkurú kan nípa ẹṣin oníwo kan sì wọlé. Scott fúnra rẹ̀ kò ní ìtẹ́lọ́rùn títí ó fi di 2007, nígbà tó ṣe èyí tó pè ní ti ìkẹyìn. Àwọn ẹ̀dà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn ju ara wọn lọ, gbogbo wọn kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì dín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Nǹkan kan wà nípa ẹ̀dà iṣẹ́ yẹn tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀, àfi lẹ́yìn ìbéèrè Màmá. Ohùn Deckard kò lọ tán nínú ẹ̀. Ó kù síbì kan ṣoṣo, orí òrùlé, lẹ́yìn ikú Batty. Ohun tó sì sọ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1982. Kò sọ ìdí kankan. Ó ní òun wò ó bó ṣe ń kú ní gbogbo òru ọjọ́ náà, pé ó pẹ́, pé ó bá ikú jà títí dé ìparí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Orí òrùlé

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé ẹ̀dà méjèèjì síwájú mi, mo sì ń wo ibì kan náà lọ, mò ń wò ó bọ̀.

Nínú méjèèjì, Batty jókòó sínú òjò pẹ̀lú ẹyẹlé funfun lọ́wọ́, ó ń ka ohun tí ojú rẹ̀ ti rí: ọkọ̀ òfuurufú tó ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ Orion, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yanranyanran nínú òkùnkùn níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò dé. Ó ní gbogbo rẹ̀ yóò sọnù bí omijé nínú òjò. Rutger Hauer tó ṣe Batty ló gé ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n kọ fún un kúrú, òun náà ló fi omijé àti òjò kún un. Òṣèré kan rí i pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹni tó ń kú lọ, ó yọ díẹ̀, èyí tó kù ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Batty tẹrí ba. Ẹyẹlé fò lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà.

Ní 1982, ohùn dé. Ó ní òun ò mọ ìdí tó fi gba òun là, bóyá ó fẹ́ràn ẹ̀mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó kù díẹ̀ fún un. Ó tún ní ohun tí Batty ń wá kò ju ohun tí gbogbo wa ń wá lọ: níbo la ti wá, níbo là ń lọ, ọjọ́ mélòó ló kù fún wa. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. N ò lè sọ pé irọ́ ni.

Ní 1992, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀, orin Vangelis ń lọ lábẹ́ ẹ̀, a sì ń wo ojú Deckard. Ó rẹ̀ ẹ́, omi ń ṣàn lójú ẹ̀, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo wo ti 1982 tẹ̀ lé e, mo ṣàkíyèsí pé ojú kan náà ni, àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n n ò wo ojú náà mọ́. Mò ń gbọ́ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ ojú ọkùnrin yẹn láì wò ó.

Ẹ gbọ́ “bóyá” tó wà nínú ọ̀rọ̀ Deckard. Òun kò dá a lójú. Èmi ni mo yọ “bóyá” kúrò, mo sì gbé ìyókù fún màmá mi bí òtítọ́ tí kò ní ìyípadà. Bí àlàyé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń wọlé bí àlejò, kó tó pẹ́ á di onílé, kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ibi jókòó.

Ohun tí Màmá rí

Nígbà tí n ò rí èsì fún wọn, Màmá ní kí n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Mo dá a padà. Wọ́n wò ó láìjẹ́ kí n túmọ̀ ohunkóhun, wọ́n kàn gbé ọwọ́ sókè nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tán, wọ́n ní:

“Kò gbà á là nítorí ìfẹ́ kankan. Ẹni tó ń kú lọ kì í fẹ́ dá wà. Ó ti rìn jìnnà. Tí ìyẹn bá já bọ́ sílẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ibi tó dé?”

Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Wọn ò mọ ibi tó ń jẹ́ Orion. Wọn ò gbọ́ ju ìdajì Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù náà lọ. Wọ́n sì ti rí ohun tó wà níbẹ̀ láti 1982: pé Batty ń wá ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tó fi gbé ọ̀tá ẹ̀ kalẹ̀ síwájú ara ẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí wọ ibẹ̀, ohùn tó ń tẹ̀ lé e ní 1982 yóò dùn yín. Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ojú ẹsẹ̀ ni o sì fi ọ̀rọ̀ tìrẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Màmá sọ, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, “Bàbá ẹ náà ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ìbàdàn ni mo wà lálẹ́ tí Bàbá kú. Màmá nìkan ló wà pẹ̀lú wọn ní ọsibítù. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó dé, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi ni ohun tí a sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa fún ogójì ọjọ́: “Wọ́n sùn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni.” Èmi náà sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ wọn, mo sọ ọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ títí mo fi rò pé mo wà níbẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wa tírélà lè ní ohun tó fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ kó tó lọ, àti pé ẹnìkan gbọ́ ọ. “Wọ́n sùn lọ jẹ́ẹ́jẹ́” ni mọ́tò tó ń lọ láàárín òkè tútù ní ìparí ẹ̀dà 1982. A tọrọ àwòrán náà láti ibòmíràn, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikú bàbá wa nítorí àwọn tó wá kí wa.

N ò bínú sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àánú ló ṣe wọ́n. Àánú náà sì lè wà lára ohun tó ṣe àwọn tó ní kí Ford wọ yàrá ohùn lọ.

Ẹnu tí kò lè dákẹ́

Blade Runner nìkan kọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Dark City tí Alex Proyas ṣe ní 1998 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó tú àṣírí fíìmù náà kí ènìyàn tó rí ohunkóhun. Nígbà tí ẹ̀dà olùdarí jáde ní 2008, wọ́n yọ ohùn náà. Steven Spielberg fi wá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ àwọn àlejò ojú ọ̀run nínú Close Encounters of the Third Kind ní 1977. Ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù náà fẹ́ kí ó fi inú ọkọ̀ náà hàn, ó fi hàn nínú ẹ̀dà 1980, ó sì kábàámọ̀ ẹ̀. Nígbà tó tún fíìmù náà ṣe ní 1998, ó yọ inú ọkọ̀ náà kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó ní ọjọ́ orí mi, ẹ ó rántí pé inú ọkọ̀ tí a rò lọ́kàn dára ju èyí tí wọ́n fi hàn wá lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ “ẹ̀dà olùdarí” kì í ṣe oògùn. Scott fúnra rẹ̀ ni mo máa bá wí níbí. Àlá ẹṣin oníwo kan tó fi sí ẹ̀dà 1992 so mọ́ ẹṣin oníwo kan kékeré tí Gaff, ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ Deckard, fi bébà ká sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Deckard, ìdajì ọ̀rọ̀ ni: bí Gaff bá mọ àlá Deckard, ṣé Deckard náà kì í ṣe àtọwọ́dá? Deckard mú bébà náà, ó mirí, ilẹ̀kùn ẹ̀rọ agbéniròkè sì pa dé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ní 2000, Scott jókòó níwájú kámẹ́rà, ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àtọwọ́dá ni Deckard. Ford ti ń sọ tipẹ́ pé ènìyàn ni. Ó dùn mí tí mo gbọ́ ọ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Olùdarí tí wọ́n fi ohùn bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tún wá di ohùn fúnra rẹ̀.

Àwa náà ń ṣe é lójoojúmọ́. Fíìmù kan kò tíì kúrò ní sinimá tí fídíò tó ń ṣàlàyé ìparí ẹ̀ á ti kún orí YouTube, èmi pàápàá sì ti wo wọ́n kí n tó fún ara mi ní alẹ́ kan láti fi rò ó. Nínú fíìmù Yorùbá tiwa, òṣèré á sunkún tán, á tún kọjú sí ògiri, á sọ fún wa pé inú òun bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwa la ni ìlù ògìdìgbó tó jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Wọn kì í dá ìlù yẹn dúró láti túmọ̀ ẹ̀.

Iṣẹ́ Màmá pàápàá ti ń sọ ọ́ níwájú mi láti kékeré. Ibi tí wọ́n bá fi ìko dì pinpin, tí aró ò lè wọ̀, ibẹ̀ ni ọnà ti ń jáde. Aṣọ tí aró gbà látòkè délẹ̀ ti di aṣọ dúdú, kò sẹ́ni tó máa pè é ní àdìrẹ ní Ìtòkú.

Alẹ́ ọjọ́rú

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wá agbára bi Màmá pé kí ni Bàbá sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti mú iná lọ, fìtílà ló wà láàárín wa, àwọn aṣọ tí wọ́n ń dì sì wà ní itan wọn. Wọ́n fi eyín fa ìko náà le kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

“Jẹ́bbà,” wọ́n ní. “Afárá Jẹ́bbà láàárọ̀ kùtù, nígbà ọyẹ́, tí èèyàn ò rí odò tó wà lábẹ́ ẹ̀.”

Mo dúró kí wọ́n sọ ìyókù. Wọ́n gé okùn náà, wọ́n sì mú ibòmíràn lára aṣọ.